A ya kọ́ọ̀pù sọ́tọ̀, a ò ya bíléèdì sọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ hẹpatáítìsì B

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì wá, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láyé ìsinsìnyí, jẹ́nótáìpù, HIV, hẹpatáítìsì B, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kó pépà ẹ̀ wá kí wọ́n tó kéde yín. Jẹ́nótáìpù ò ní wàhálà, HIV ò sí, àfi ìlà kẹta tí wọ́n kọ HBsAg sí, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì hẹpatáítìsì B, bírò pupa ni wọ́n fi kọ "reactive" síwájú ẹ̀, pé ó wà lára ẹ̀. Bírò pupa yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta wọ́n ti ra kọ́ọ̀pù rọ́bà aláwọ̀ ewé kan fún un, abọ́ kan, ṣíbí kan, wọ́n fi kọ́ọ̀pù yẹn kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, wọ́n sì kìlọ̀ fáwọn ọmọdé ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún 29, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fún àwọn ará ilé lówó, ó wá ń dá jẹun lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an mo wà nílé wọn, ojú mi ló ṣe. Àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, bọ̀dá kan nínú ilé ń fá orí fún wọn. Bíléèdì kan ṣoṣo ni. Ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fi pépà wé ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà gé e lọ́wọ́, ó fá orí ọmọ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ lẹ́yìn etí, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó ṣan bíléèdì yẹn lẹ́ẹ̀kan nínú omi, ó bọ́ sórí ọmọ kejì. Látibi tí mo dúró sí mò ń wo kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé yẹn lára ìṣó, ibi tó wà sí ibi tí wọ́n ti ń fá orí yẹn ò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn o. Nǹkan tí ò lè ran ẹnikẹ́ni la yà sọ́tọ̀, èyí tó ń ràn án gan-an la jọ ń lò láti orí dé orí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti dàrú. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ la máa ń pè é, torí ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ, orúkọ yẹn dáa. Àmọ́ àwọn kan á tún ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, ẹni tí ojú ẹ̀ bá pọ́n bí ọsàn, tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bí omi tíì. Ibà pọ́njú yẹn, àmì ni, kì í ṣe àrùn kan pàtó. Ibà tó le lè mú ojú pọ́n, òkúta inú òróòro lè mú un pọ́n, ẹni tó jẹ́ SS ojú ẹ̀ lè pọ́n, hẹpatáítìsì náà lè ṣe é. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní ojú òun pọ́n, òun mu àgbo, ó sì lọ, olúwarẹ̀ ò tíì sọ nǹkan tó ṣe òun.

Hẹpatáítìsì fúnra ẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ máa wú kó máa gbóná ni ìtumọ̀ ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ló gbajúmọ̀ nídìí ẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà pè wọ́n, A, B, C, D, E. A àti E, ẹnu ni wọ́n ń gbà wọlé, omi ìdọ̀tí, oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á ṣe èèyàn díẹ̀, wọ́n á lọ. B, C àti D, ẹ̀jẹ̀ lọ̀nà tiwọn. D ò tiẹ̀ lè dá dúró, àfi ẹni tó bá ní B ló lè ní in. Lójú tèmi, ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù ti wá: àwọn èèyàn gbọ́ hẹpatáítìsì, wọ́n gbọ́ oúnjẹ àti omi, A ni wọ́n ń sọ fún wọn níbẹ̀, wọ́n wá gbé òfin A kọ́ B lọ́rùn.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dún 2022 àwọn tí hẹpatáítìsì B ti di bárakú sí lára lágbàáyé jẹ́ mílíọ̀nù 254, àwọn tó sì kú nídìí ẹ̀ lọ́dún yẹn tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Áfíríkà ló ni mílíọ̀nù 65 nínú wọn, tó bá wá dọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o, 63 nínú 100 ló jẹ́ ti Áfíríkà. Ní Nàìjíríà níbí, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní NAIIS wáyé lọ́dún 2018, HIV ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hẹpatáítìsì pẹ̀lú. HIV tí gbogbo wa ń sá fún, kò tó 2 nínú 100. Hẹpatáítìsì B, 8.1 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Ẹ fojú inú wo danfo tó kún láti Òjòtá dé Ìkòròdú, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹnì kan nínú ẹ̀ ní in, kó sì jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀, torí káàkiri ayé, lọ́dún 2022, 13 péré nínú 100 àwọn tó ní in ló ti ṣe tẹ́ẹ̀sì tó fi mọ̀.

Báwo ló ṣe ń ràn gan-an? Ẹ̀jẹ̀ ni, àti omi ara bí àtọ̀ àti omi ojú ara obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ tí mò ń wí yìí, kò dìgbà tó bá ń ṣàn o, èyí tí ojú ò rí tó wà lẹ́nu abẹ náà tó ó ràn. Fáírọ́ọ̀sì yìí lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó lè wà lára nǹkan gbígbẹ, lórí tábìlì, lẹ́nu bíléèdì, fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kó sì tún ran ẹni tó bá gé lára. HIV ò tó bẹ́ẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá ṣèèṣì fi abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara ẹni tó ní HIV gún ara ẹ̀, nínú ẹgbẹ̀rún kan irú ẹ̀, bí 3 ló máa ràn. Tó bá jẹ́ B, tí nọ́ọ̀sì yẹn ò sì gba àjẹsára, ó lè tó 300. Ẹ tún un kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ará lábù, títí dórí àwọn tó ń gbálẹ̀ tó ń da ìdọ̀tí ọsibítù nù, pé kí wọ́n má jẹ́ kílẹ̀ ṣú kí wọ́n tó lọ gba abẹ́rẹ́ yìí, àwọn tó ń gbálẹ̀ gan-an la máa ń gbàgbé.

Ní Áfíríkà níbí, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù, méjèèjì ò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìṣekúṣe. Ìkíní, láti ara ìyá sí ara ọmọ nígbà ìbímọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ bá pàdé. Ìkejì, láàárín àwọn ọmọdé fúnra wọn, kí wọ́n tó pé ọdún 5. Ẹ rántí àgbàlá tá a dàgbà sí. Ọmọ tó ní egbò lórúnkún tó jókòó ti ọmọ tó ní egbò lẹ́sẹ̀, èyí tó gé ẹnì kejì ẹ̀ jẹ torí bọ́ọ̀lù, bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tí ọmọ mẹ́rin ń lò kí wọ́n tó lọ síléèwé, bíléèdì ìfárí tí mo ti sọ yẹn. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ọmọdé ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi gbẹ́rẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 6 tàbí 7, ìyá bàbá mi máa ń sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo àwa ọmọ ilé tá a bá lọ ṣọdún lábúlé, àwa mọ́kànlá, a ó tò lẹ́yìn ara wa bí ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì, abẹ kan náà, ìlà kéékèèké mẹ́ta mẹ́ta lọ́rùn ọwọ́ àti láàárín orí, wọ́n á fi òògùn dúdú ra á, ẹni tó bá sunkún wọ́n á fún un ní àkàrà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fẹ́ ká dàgbà ni. Mi ò ní í bú wọn láéláé. Àmọ́ tí mo bá rántí pé abẹ yẹn lọ láti ara ọmọ kìíní dé ara ọmọ ìkọkànlá láìfọ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí. Tí ilé yín bá ṣì ń sín gbẹ́rẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é, ẹ ra bíléèdì tuntun, ẹyọ kan fún ẹnì kan, kẹ́ ẹ jù ú nù. Owó ẹ̀ ò tó owó píọ̀ wọ́tà. Bákan náà ni fún olóòlà tó ń kọlà fọ́mọ, fún ìyá tó ń lu etí ọmọ ọwọ́, fún àlùfáà tó ń ṣe hìjáámà, ìyẹn fífa ẹ̀jẹ̀ jáde lára, irin tó bá ti kúrò lára ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ bọ́ sára ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ lásán.

Àwọn mállàm tó ń gé èékánná náà ń kọ́? Ẹ máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n bá ń fi sísọ́ọ̀sì ṣe kẹ́ṣẹ́-kẹ́ṣẹ́ kọjá láàárín ọjà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́, wọn ò sì wọ́n, èmi náà ti jókòó tì wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó gé ti ìyá oníṣu, ó gé ti ọ̀gá mẹkáníìkì, ó wá kan yín, ibi tó bá ti gé wọ ẹran díẹ̀ tí ẹ ní "yéè", ẹ̀jẹ̀ ti jáde níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tẹni tó ṣáájú yín sì lè ti wà lẹ́nu sísọ́ọ̀sì yẹn. Onígbàjámọ̀ náà, kílípà tí wọ́n fi spíríìtì nù fìrí lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá, tí agbára yín bá ká a ẹ ra tiyín, ẹ máa gbé e lọ bá wọn. Kẹ́míìsì àdúgbò tó ń gúnni lábẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí ojú yín rí i nígbà tí wọ́n bá ń fa ọ̀rá síríǹjì yẹn ya. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára tí wọn ò yẹ̀ wò dáadáa, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ìbálòpọ̀ náà ń ràn án, mi ò yọ ọ́ kúrò o. Ẹni tí ọkọ tàbí aya ẹ̀ bá ní in, kí wọ́n máa lo kọ́ńdọ̀mù títí ẹnì kejì á fi gba àjẹsára pé. Mo kàn ní kó má jẹ́ òun nìkan lá ó máa pariwo ni.

Nǹkan tí ò lè ràn án wá ńkọ́? Kí ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan, kọ́ọ̀pù, ṣíbí, dídìmọ́ra, bíbọwọ́, ikọ́, sísín, ẹ̀fọn, ìjókòó ṣáláńgá, aṣọ wíwọ̀, kí ẹ jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Fífún ọmọ lọ́mú náà kò ràn án, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí gidigidi torí àwọn ìyá kan wà tí wọ́n ti já ọmọ lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ kejì torí ìbẹ̀rù, wọ́n wá ń po wàrà agolo sómi tí ò mọ́, èyí tó lè pa ọmọ kíákíá ju hẹpatáítìsì lọ.

Ó wá ku nǹkan kan tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ojú tẹ́ ẹ fi ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ yìí á yí padà. Ọjọ́ orí. Ọmọ ọwọ́ tí fáírọ́ọ̀sì yìí bá wọ ara ẹ̀, bí 95 nínú 100 wọn ló máa di bárakú sí lára, torí ara ọmọ ò tíì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, á kàn gbà á sílé ni. Àgbàlagbà tó kó o, kò tó 5 nínú 100 tó máa di bárakú fún, àwọn yòókù, ara wọn á lé e lọ fúnra ẹ̀ láàárín oṣù 6, àwọn mìíì ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé nǹkan kan wọlé tó sì jáde.

Ẹ wá fi ẹ̀kọ́ yẹn wo pépà àbúrò mi. Àgbàlagbà tí wọ́n bá ní in lára ẹ̀, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 6 tó ṣì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe jù pé àtìgbà tó ti wà lọ́mọdé ló ti ní in. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi í nílé ni pé "ta lo bá sùn?" Ẹni tó bi í ni ìyá ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bìgì Mọ́mì. Àwọn náà ló ra kọ́ọ̀pù. Dókítà tí a lọ bá wá ní kí gbogbo ilé wá ṣe tẹ́ẹ̀sì, Bìgì Mọ́mì kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe àwọn, àwọn ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, HBsAg wà lára Bìgì Mọ́mì fúnra wọn. Ó wà lára àkọ́bí wọn, ó wà lára àbúrò mi, kò sí lára àwọn méjì yòókù. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lábù yẹn, wọ́n ká pépà yẹn kéékèèké títí ó fi dà bí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tá a délé wọ́n bọ́ sí kíṣìnì, wọ́n já kọ́ọ̀pù kúrò lára ìṣó.

Àwọn náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lára ìyá tiwọn tàbí lẹ́nu abẹ kan ní kékeré ni wọ́n ti kó o. Bó ṣe ń bọ̀ láti ìran dé ìran nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí náà ló tún tú àṣírí àgbo tí wọ́n ń polówó pé ó ń sọ pọ́sítíìfù di nẹ́gẹ́tíìfù. Àgbàlagbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ojú ẹ̀ pọ́n, ó lọ mu àgbo fún oṣù mẹ́ta, ó tún tẹ́ẹ̀sì ṣe, kò sí mọ́. Á ní àgbo ló ṣe é, á sì fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní 95 nínú 100 irú wọn tí ì bá lọ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ omi lásán ni wọ́n mu. Ẹni tó ti ní in láti kékeré á wá gbọ́ ẹ̀rí yẹn, á lọ ra gálọ́ọ̀nù méjì, ẹ̀dọ̀ tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀ á tún máa fọ egbòogi tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìwọ̀n ẹ̀. Mi ò kóríra egbòogi o, wọ́n fi wẹ èmi náà ní kékeré, àmọ́ ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ń ṣàìsàn, kó jìnnà sí gálọ́ọ̀nù yẹn, kó jìnnà sí ọtí pẹ̀lú.

Kí ló dé tó fi ń pẹ́ kéèyàn tó mọ̀? Ẹ̀dọ̀ ò lariwo. Ó lè máa jìyà fún ọdún 20, 30, kó má dun èèyàn. Fáírọ́ọ̀sì ń bá a jà, ibi tó bá ti fara pa á di àpá, àpá ń gorí àpá, títí ẹ̀dọ̀ tó rọ̀ á fi le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ ò ní í ráyè gba inú ẹ̀ kọjá dáadáa mọ́, omi á wá máa gbá jọ síkùn. Ikùn tó wú, ẹsẹ̀ tó wú, apá tó gbẹ. Nílé wa, ẹ mọ nǹkan tí wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á ní ó jẹ nǹkan níbi ìnáwó, ìdílé á fọ́ sí méjì. Nínú ilé tó ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá, tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n, tó tún kan àbúrò, wọ́n á ní èpè ni. Mo bẹ̀ yín, ilé tó bá rí báyẹn, kí gbogbo wọn lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì HBsAg kí wọ́n tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà ń bẹ nídìí ẹ̀, nǹkan tó sì ń tì í síwájú gan-an lọ́dọ̀ wa ni èpà àti àgbàdo tó ti bu, nǹkan olóró kan wà nínú ebu yẹn tí wọ́n ń pè ní áfílátóksììnì, tó bá bá hẹpatáítìsì B lára èèyàn, àwọn méjèèjì á jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ fa jẹjẹrẹ. Èpà tó korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù.

Tó bá wá jẹ́ pé tẹ́ẹ̀sì ní ó wà lára yín, ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló máa di aláìsàn. Wọ́n á yẹ iye fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ṣe skáànù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ̀ bóyá oògùn kàn yín báyìí tàbí kẹ́ ẹ máa padà wá fún àyẹ̀wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Oògùn tó wọ́pọ̀ jù ni tenofovir, ẹyọ kan lóòjọ́. Kì í wò ó sàn pátápátá, torí fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń fi ẹ̀dà ara ẹ̀ pamọ́ síbi tó jinlẹ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, oògùn ò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ẹ̀dọ̀ á ráyè mí. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, tó bá tún jí, ó lè jí pẹ̀lú ìbínú. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀, tenofovir yìí wà lára oògùn HIV náà, àwọn tó bá rí ike ẹ̀ lọ́wọ́ yín lè bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Àbúrò mi ń da tiẹ̀ sínú ike fítámìn tẹ́lẹ̀ torí ẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àjẹsára ló wá jẹ́ ibi tínú mi ti ń dùn tínú mi tún ti ń bà jẹ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Baruch Blumberg, ló rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan láàárín ọdún 1960 sí 1969, tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé èèpo ara fáírọ́ọ̀sì B ni. HBsAg tí wọ́n fi bírò pupa kọ sára pépà yẹn, òun náà ni. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1976, 28 July tí wọ́n sì fi ń ṣe ọjọ́ hẹpatáítìsì lágbàáyé, ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni. Èèpo yẹn ni wọ́n fi ṣe àjẹsára, ó sì ti wà láti bí ọdún 1982, ó ti lé ní 40 ọdún. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun lọ́dún 1984, kó tó pé ọdún 15, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14 ti já sí ìdajì níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ni. Kì í sì ṣe òyìnbó tàbí ará Éṣíà nìkan ló ṣe é o, Gambia níbí, orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1986, nígbà tó fi máa di 1990 ó ti kárí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn.

Nàìjíríà, 2004 la fi kún àjẹsára àwọn ọmọ. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka nǹkan yìí, tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, kò gbà á lọ́mọdé, ẹ má tan ara yín jẹ pé àpá BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó wà léjìká yín ni. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, tí kò bá sí lára yín, ẹ gba mẹ́ta: èyí àkọ́kọ́ lónìí, èyí kejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Àwọn tó ń gba méjì tí wọ́n á ní ó ti tó pọ̀ gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ gba ẹ̀kẹta.

Fún ọmọ tuntun, èyí tó ṣe kókó jù ni ti ọjọ́ tí wọ́n bí i, láàárín wákàtí 24, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Lórí kádì, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ HepB0 sí. Òdo yẹn, ọjọ́ òdo ni. Abẹ́rẹ́ kékeré sítan, òun ló máa sáré ṣáájú fáírọ́ọ̀sì tó bá ti bá ìbímọ wọlé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Áfíríkà, lọ́dún 2022, 18 péré nínú 100 ọmọ tuntun ló gbà á lásìkò. Ọ̀pọ̀ aboyún ń bímọ nílé agbẹ̀bí, ní mísọ̀n háúsì, nílé, abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀. Àwọn tó tún bímọ sí ọsibítù gan-an, wọ́n á ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Mo mọ ìdí ẹ̀, BCG tí wọ́n bá ti ṣí ìgò ẹ̀, wákàtí 6 ló ní kí wọ́n tó dà á nù, wọ́n fẹ́ kí ọmọ pọ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Àmọ́ ti hẹpatáítìsì B ò rí bẹ́ẹ̀, ìgò ẹ̀ tí wọ́n bá ṣí, tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù bó ṣe yẹ, wọ́n lè lò ó títí dé ọjọ́ 28. Kò sí ìdí tí ọmọ fi máa dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n ṣègbéyàwó o, ọkọ ẹ̀ ò ní in, ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tó lóyún, dókítà yẹ iye fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ wò, ó pọ̀, wọ́n fi sórí tenofovir láti àárín oyún kó má baà ràn ọmọ. Alẹ́ Mọ́ńdè ló bímọ, ní ọsibítù àládàáni kan, obìnrin. Láàárọ̀ Túsìdeè a béèrè abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì ní "ẹ gbé e wá ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ yẹn là ń gún wọn." Ọkọ ẹ̀ ò bá wọn jiyàn. Ó fi ṣọ́ọ̀lù wé ọmọ, ó dì í mọ́ra, Bìgì Mọ́mì jókòó ti í nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n lọ sí hẹ́lìtì sẹ́ńtà ìjọba kan tí ò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé ìyá ọmọ ní B, wọ́n gún ọmọ lójú ẹsẹ̀. Wákàtí 15 lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Abẹ́rẹ́ kejì tí wọ́n ń pè ní ìmúnógílóbúlíìnì, ìyẹn èròjà tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà lójú ẹsẹ̀, tó yẹ kí ọmọ ìyá tó ní B gbà kún un, a wá a títí, kò sí, ó wọ́n, a gba kámú.

Ọmọ yẹn ti ń rá báyìí, ó gba àwọn yòókù pé. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa pé oṣù mẹ́sàn-án, ìgbà yẹn ni dókítà ní ká gbé e wá kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Bìgì Mọ́mì ti kọ ọjọ́ náà sára ògiri kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó yẹn.